Ẹ̀rọ Nìkan Ni Mọ̀ọ́tán Wò

"Ó ti kú," ni Bàbá Elépo wí. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì wo ẹ̀rọ ìránṣọ náà tìkà-tẹ̀gbin. "Ọ̀pá inú rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ máa jẹ yín lówó ni, ǹ bá máa dọ́gbọ́n sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo bá yín sọ yìí. Ó ti kú, ẹ lọ sin ín."

Ìyá Mọ̀ọ́tán jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí. Ọgọ́fà aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ló gbé iṣẹ́ náà fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, ọdọọdún ni yóò máa rí irú rẹ̀ gbà. Bí kò bá yọrí, obìnrin aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, tó ti ń na ọrùn wo iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti já aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ni wọn yóò kó o fún. Aṣọ ọ̀hún nípọn bí awọ. Ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ kò lè gún un, àfi ẹ̀rọ ńlá oníná tó kú yìí.

"Ṣé kò wá sí ọgbọ́n kankan mọ́ ni, bàbá?"

"Ọ̀kan wà ní ìsọ̀ mi. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le ju tèyí lọ. Ẹ gbé e wá síbí, ẹ fi ránṣọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà." Ó wá sọ iye tó fẹ́ tà á.

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Kò sí ayọ̀ kankan nínú ẹ̀rín náà. Mọ̀ọ́tán ni, ọmọbìnrin onísọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, tó mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ fi bá ènìyàn jà.

Mọ̀ọ́tán kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ tí òun kò ní ti mọ̀ ọ́n tán kí onítọ̀hún tó parí rẹ̀. Wọ́n fi bú u ni o, ṣùgbọ́n òun gbà á bí ẹni gba oyè. Ká sòótọ́, ó mọ aṣọ rán. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì mú débi pé ó lè ti ẹnu ọ̀nà rí i pé òwú kan rọ̀ ju èkejì lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ayé kì í ṣe kìkì aṣọ.

"Iye yẹn kẹ̀?" ó ní. "Fún àlòkù? Ṣé ẹ pa tiwa kí ẹ lè rí tiyín tà ni?"

Bàbá Elépo yíjú sí i. Kì í ṣe pé bàbá náà ń ta epo o. Epo ẹ̀rọ tó wà léèékánná rẹ̀ ni kò tíì rí ọṣẹ tó máa ká a láti nǹkan bí ogójì ọdún tó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Òun náà kò ní sùúrù, ahọ́n rẹ̀ sì mú.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyá tó bí ọ wá sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ó pẹ́ tí ẹ ti ń jà wá lólè nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ fò dìde. "Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bàbá Elépo kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó pè mí lólè," ó ní, "nínú ìsọ̀ tí mo ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó jáde láìgba owó iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà.

Ìyá Mọ̀ọ́tán tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀ títí. "Ẹnu ẹ yìí, ọjọ́ kan ló máa kó wa sí wàhálà."

"Ẹnu mi ló máa yọ wá, Màámi. Ẹ wá wo nǹkan."

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Ojú òpó gbàǹjo kan ni, lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹni tó bá ní ọjà yóò gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ ẹ yóò máa fi owó lé ara wọn, ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù nígbà tí àsìkò bá pé ni yóò gbé ọjà lọ. Irú ẹ̀rọ tiwọn gan-an ló wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin, owó rẹ̀ kò sì tíì tó ìdajì iye tí Bàbá Elépo pè.

"Owó tí a bá san kò ní kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á," Mọ̀ọ́tán ṣàlàyé. "Àwọn tó ni ojú òpó ló máa tọ́jú ẹ̀ títí a ó fi rí ẹ̀rọ náà gbà, tí a ó ní ó tẹ́ wa lọ́rùn."

Ìyá rẹ̀ gbé fóònù náà jìnnà sí ojú, ó wò ó. "Ó dára lóòótọ́. Ta ni ẹni tó ń tà á?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹni tó ń tà á ṣe? Ṣé òun la fẹ́ rà ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu Mọ̀ọ́tán débi pé òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọgọ́fà aṣọ kò jẹ́ kó lè bá ọmọ jiyàn. Owó tó wà nílẹ̀ fún ẹ̀rọ kò ní ìkejì. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú fún ọdún méjì ni, pẹ̀lú àsansílẹ̀ tí ilé-ìwé fún un. Bí owó yẹn bá ṣòfò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni gbàǹjo náà máa parí. Mọ̀ọ́tán jókòó tì í láti òwúrọ̀. Ó fowó lé e, ẹnìkan tí kò mọ̀ rí fowó lé tirẹ̀. Ó tún fi kún un, onítọ̀hún tún fi kún un. "Ta tiẹ̀ ni wèrè yìí?" ó ń kígbe mọ́ fóònù, bí ẹni pé onítọ̀hún lè gbọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wèrè náà fi owó táṣẹ́rẹ́ kan ṣáájú rẹ̀, gbàǹjo sì pa dé. Mọ̀ọ́tán ju téèpù ìwọnṣọ mọ́ ògiri. Ó bú ẹni tó borí, ó bú Bàbá Elépo tí kò sí níbẹ̀, ó sì jágbe mọ́ ìyá rẹ̀ tó ní kó rọra.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé fún un lójú òpó náà. Àwòrán ẹ̀rọ náà ló wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ tí ẹ ń dù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó borí kò rí owó san, ó ti sá. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé e, ẹ̀yin ló kàn. Iye tí ẹ fi lé e gbẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ san. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ láàárín ara wa, torí owó tí àwọn oní-gbàǹjo yìí máa ń yọ pọ̀ jù. Ọkọ̀ tó ń kẹ́rù lọ sí apá ọ̀dọ̀ yín máa gbéra láago mẹ́rin. Àwọn méjì míì ti ń bẹ̀ mí."

Mọ̀ọ́tán kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn aránṣọ kì í ra ẹ̀rọ láìgbé aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni: o kò tíì rí ẹ̀rọ bí o kò bá tíì rí i níbi tó ti ń ránṣọ. Ó kọ̀wé padà pẹ̀lú ìgbéraga: "Mi ò ní san nǹkan kan tí mi ò bá rí i kó ṣiṣẹ́. Ẹ ká aṣọ tó nípọn sí ìlọ́po mẹ́rin, ẹ rán an gbọọrọ, kẹ́ ẹ ká a ní fídíò fún mi."

"Háà! Ẹ mọṣẹ́ o," ni òǹtajà fi dá a lóhùn. "Ó pẹ́ tí mo ti rí oníbàárà tó mọ ohun tó yẹ kéèyàn béèrè."

Orí Mọ̀ọ́tán wú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fídíò dé. Ó na ìka méjì lójú fóònù kí àwòrán náà lè tóbi, títí tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti aṣọ nìkan ló kù tó ń rí. Abẹ́rẹ́ ń gún ìlọ́po mẹ́rin bí ẹni gún omi. Òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ dọ́gba, kò fo ibì kankan, kò sì wé. Ó wò ó nígbà méje. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kí òun náà wò ó, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lórí fóònù."

Àwọn nǹkan míì wà tó rí. Ó rí i pé ojú ewé tí òǹtajà náà fi kọ̀wé sí i kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ṣí i, àti pé kò sí ìràwọ̀ kan tàbí ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ti bá a rajà rí lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó rí ìkìlọ̀ pupa tí ojú òpó náà fi síbẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó fún òǹtajà níta. Ó pa á dé, ó ní owó tí wọn kò ní rí yọ ló ń dùn wọ́n. Ó tún rí i pé orúkọ obìnrin ló wà lórí àkáǹtì tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́. Ó béèrè, ọkùnrin náà ní ìyàwó òun ni. Igi gogoro mẹ́ta ló ń bọ̀ wá gún un lójú yẹn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀nà fún un.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ìyá rẹ̀ béèrè, ìka rẹ̀ lórí nọ́ńbà àṣírí báńkì.

"Màámi, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù! Ẹ yé bẹ̀rù bí ẹni tí ò kàwé."

Ojú ìyá rẹ̀ yí padà. Lóòótọ́, obìnrin náà kò kàwé púpọ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì tíì fi bú u lójúkojú rí. Ó tẹ nọ́ńbà náà.

Ẹ̀rọ kò dé lọ́jọ́ Àìkú, kò sì dé lọ́jọ́ Ajé. Òǹtajà ní ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní àwọn tó ń kẹ́rù ń béèrè owó mìíràn kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Mọ̀ọ́tán ní kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú àdéhùn. Lójijì ni ohùn ẹni tó ń pe ènìyàn ní "ẹ" yí padà.

"Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀rọ ẹ sùn sójú títì ni? Yáa wá owó náà kíá."

Mọ̀ọ́tán pe nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ti àkáǹtì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló gbé e. "Ẹ̀rọ mi dà?" ni ọmọbìnrin náà ké. "Ẹ gbé ẹ̀rọ mi wá, tàbí kẹ́ ẹ dá owó wa padà! Mo máa pe ọlọ́pàá!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti jẹun yó ni. "Ọmọ kékeré," ó ní, "lọ kàwé ẹ." Ó pa fóònù. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà yẹn kò wọlé mọ́.

Mọ̀ọ́tán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ de ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú u. Ó ní kó wá fídíò náà jáde, kí òun náà wò ó. Obìnrin náà kò na ìka lójú fóònù kó lè tóbi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo yàrá inú fídíò náà ló ń wò.

"Kàlẹ́ńdà wo nìyẹn?" ó béèrè.

"Kàlẹ́ńdà wo?"

"Èyí tó wà lára ògiri."

Mọ̀ọ́tán gba fóònù padà. Kàlẹ́ńdà kan wà lóòótọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó fẹ̀ bí fèrèsé, ọdún tó sì wà lórí rẹ̀ hàn ketekete. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ẹnì kan níbì kan ti ká fídíò yẹn, bóyá olóòótọ́ ènìyàn tó fẹ́ ta ẹ̀rọ tirẹ̀, tí oníjìbìtì yìí sì jí i gbé.

"Abẹ́rẹ́ ni mò ń wò," ni Mọ̀ọ́tán sọ, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọ kékeré.

"Mo mọ̀," ìyá rẹ̀ dáhùn. "O pe ẹni tó ń ṣe wá lóore lólè, o wá lọ fi owó mi fún olè."

Inú Mọ̀ọ́tán bàjẹ́ débi pé kò lè sunkún. Ì bá dára kí ìyá rẹ̀ nà án.

Wọ́n lọ sí báńkì. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò gbé ojú sókè. "Ta ló fi owó náà ránṣẹ́?"

"Àwa ni."

"Ṣé ẹnì kan fipá mú yín?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni? Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn tó wọlé ni wọ́n ti gbé e jáde. Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kẹ́ ẹ ti sáré wá, kì í ṣe òní. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kẹ́ ẹ gba ìwé wá. Ẹni tó kàn!"

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò pè wọ́n. Àwọn oní-gbàǹjo náà, tí Mọ̀ọ́tán ti kọ̀wé sí, fèsì lọ́jọ́ kejì: ẹni tó ni ẹ̀rọ náà gan-an ti fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó borí, ẹ̀rọ sì ti dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún láyọ̀. Ẹni tó kọ̀wé sí Mọ̀ọ́tán kò ní ẹ̀rọ kankan. Ńṣe ló fara pamọ́ ń ṣọ́ àwọn tó ń dù ú, tó mú ẹni tó ṣe ìkejì. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé níta ni wọ́n ti sanwó, kò sí ohun tí àwọn lè dá padà fún wọn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ọ̀gá ilé-ìwé kó ogójì nínú aṣọ náà fún obìnrin òdìkejì títì, ó ní bí òun kò bá rí nǹkan títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò kó ìyókù.

"Dìde," ìyá Mọ̀ọ́tán ní. "À ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Elépo. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ ló le."

Ìsọ̀ bàbá náà kún. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, àwọn aránṣọ méjì sì wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ wọn. Mọ̀ọ́tán wọlé, ó kúnlẹ̀. Bàbá Elépo kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Dìde níbẹ̀. Epo wà nílẹ̀ yẹn, mi ò sì ní bá ọ fọ aṣọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Ta ló ní kí n má bínú? Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Sọ bó ṣe jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Sọ ọ́ sókè, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́, torí ojoojúmọ́ làwọn náà ń rajà lórí fóònù."

Ó sọ ọ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Nígbà tó dé ibi ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn gbàǹjo, bàbá náà dá a dúró.

"Nígbà tó ní kí o wá sanwó níta, kí ló yẹ kí o ṣe?"

"Kí n kọ̀, sà. Kí n padà sójú òpó, kí n bi wọ́n bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà kò tíì tà."

"O rí ìkìlọ̀ wọn?"

"Mo rí i. Mo pa á dé."

Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó ki pẹ́ńsù bọ irun ló rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. "Mọ̀ọ́tán! O ò wá mọ eléyìí tán!"

"Òǹtajà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá rajà rí ńkọ́?" Bàbá Elépo tún béèrè, bí ẹni pé kò gbọ́ ẹ̀rín.

"Ó yẹ kí n wádìí rẹ̀. Kí n wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí n ka ohun tí àwọn míì sọ nípa rẹ̀, kí n pè é kó gbé ẹ̀rọ náà sójú fídíò nígbà tí a ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kó má jẹ́ pé èyí tó ti wà nílẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Tàbí kí n ní ẹnìkan tó máa bá mi lọ wò ó lójúkojú."

"Owó ńkọ́?"

"Kí n má san án sí àkáǹtì ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ojú òpó ni kí n san án sí. Bí ara bá sì fu mí pé nǹkan kò lọ déédéé, báńkì ni kí n kọ́kọ́ sáré lọ, kì í ṣe kí n máa dúró de ọkọ̀."

"Aago mẹ́rin tó dá fún ọ ńkọ́?"

Mọ̀ọ́tán wolẹ̀. "Ó fi lé mi léré ni, kí n má bàa ronú."

"Sòótọ́ tó gbẹ̀yìn."

Ó mọ èyí tó ń béèrè. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ibòmíràn. "Màámi ní kí n sọ ẹni tó ń tà á fún àwọn," ó ní. "Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn wo fídíò, mi ò jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ká ní wọ́n wò ó ni, wọn ì bá rí kàlẹ́ńdà." Omijé tó ti ń dúró láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá bọ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bàbá Elépo kò pa òwe yìí, ó ti mọ̀ pé ọmọ náà ti gbọ́ ọ. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ gbé e. Èmi kì í yáni lọ́fẹ̀ẹ́ o, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa sanwó ìlò rẹ̀. Ìwọ lo máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délé, òun ni kó o sì máa fi ránṣọ títí ọgọ́rin yẹn á fi pé. Mi ò sì tíì dárí jì ọ́. Kúrò níwájú mi."

Bí Mọ̀ọ́tán ṣe ń ti ẹ̀rọ náà jáde, ẹnìkan tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé. Ọmọbìnrin oní-pẹ́ńsù ni. Ó bojú wẹ̀yìn kó tó fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Má pariwo," ó ní. "Kọ̀ǹpútà kan ni mo dù ní gbàǹjo lánàá. Mi ò borí. Ẹni tó ń tà á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí pé èmi ló kàn. Ó ní kí n sanwó kí aago méjì tó lù."

Mọ̀ọ́tán wo ojú rẹ̀. Ẹnu tó fi òun ṣẹ̀sín tán kò tíì gbẹ. Ó wù ú gan-an, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, kó ní "Sanwó, ó dáa," kó sì máa ti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró.

"Wo ojú ewé rẹ̀," ó wá sọ, tìbínú-tìbínú. "Ọjọ́ wo ló ṣí i?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì?"

Ọmọbìnrin náà wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Ṣé ó ti sọ fún ọ pé ìyàwó òun ni?" Mọ̀ọ́tán béèrè. "Kọ̀wé sí àwọn tó ni ojú òpó báyìí, níwájú mi. Bi wọ́n bóyá kọ̀ǹpútà yẹn ti tà. Má san nǹkan kan kí wọ́n tó fèsì."

Wọ́n dúró sínú oòrùn. Kò tó ìdajì wákàtí tí èsì fi dé: kọ̀ǹpútà ti tà lánàá, ẹni tó rà á ti sanwó tán. Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pòṣé, ó ki fóònù sápò.

"Má rò pé a ti di ọ̀rẹ́ o," ó ní.

"Ta ló fẹ́ bá ẹ ṣọ̀rẹ́?"

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kọjá gọ́tà fún un kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mọ̀ọ́tán ń tì í lọ ní òun nìkan, ìyá rẹ̀ sì ti lọ níwájú láìwẹ̀yìn. Ọgọ́rin aṣọ ń dúró dè é, owó ọdún méjì ti lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ sí ìyá rẹ̀ kò sì ṣeé gbà padà. Ohun tó kọ́ kò ju ọ̀kan lọ, ó sì ná an ní gbogbo èyí: ẹ̀rọ kì í lu ènìyàn ní jìbìtì. Ènìyàn ló ń lu ènìyàn ní jìbìtì, nítorí náà, kí o tó yẹ ọjà wò, ẹni tó ń tà á ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.